Ilẹ̀kùn Kọ́bọ́ọ̀dù Mọ́kànlá

Ká sọ tòótọ́, Làbákẹ́ ò wá ọkọ lọ sí ọjà Ìpọ̀nrí lọ́jọ́ náà. Ìjà ló bá lọ. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù ọlọ́dà, ó yọ ọ̀rá kékeré kan nínú báàgì, ó sì da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí káńtà. Èèpo ọ̀dà funfun ni, ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà.

"Ẹ wo ohun tí ẹ tà fún mi," ló wí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà ló ra ọ̀dà ọ̀hún. Kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìnì ilé wọn ní Àgùdà ti dúdú fún èéfín, epo sì ti dì sí i lára débi pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án gbọ́dọ̀ wá ọṣẹ lọ. Ní Sátidé kan, Làbákẹ́ ká apá aṣọ sókè, ó kun ilẹ̀kùn mọ́kọ̀ọ̀kànlá láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn tíṣà ẹgbẹ́ ẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí awọ ejò.

Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn káńtà tẹ̀ síwájú. Ó mú èèpo kan, ó nà án sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i padà, ó gbé e símú. Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbóòórùn ẹ̀yìn ẹ̀."

Làbákẹ́ gbóòórùn ẹ̀. Dòdò ló ń rùn.

"Orí òróró lẹ kun ọ̀dà sí," ni ọkùnrin náà wí. "Ọ̀dà ò rí igi dì mú. Wọ́n máa ń fọ̀ ọ́ ná, kó gbẹ, kí wọ́n fi sáńpépà ha á, kí ọ̀dà tó kàn án."

"Ẹ kúkú ta òmíràn fún mi kí n máa lọ."

"Mo lè tà á. Ó máa tún bó, ẹ ó sì tún wá bá mi jà. Ta ló kan kọ́bọ́ọ̀dù náà?"

"Bàbá mi."

"Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere."

"Ẹ̀hẹ́n? Ta ló sọ fún yín pé wọ́n kú? Bàbá mi wà nílé!"

Ọkùnrin náà gbá orí mú. "Astagfirullah! Ẹ forí jì mí. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó kàn án bá wà nílé, kí ló dé tí ẹ ò bi wọ́n?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bá Làbákẹ́ wọ bọ́ọ̀sì, ó sì bá a sọ̀kalẹ̀.

Ogójì ọdún ni bàbá rẹ̀, tó ń jẹ́ Joshua, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Joshua, fi ṣe káfíńtà láti ìgbà tó ti Iléṣà wọ Èkó. Ọdún méjì sẹ́yìn ni àrùn ẹ̀gbà mú un lápá ọ̀tún. Ọ̀sẹ̀ tó ti ọsibítù dé ló kó gbogbo ayùn àti òòlù rẹ̀ fún ọmọ ìjọ wọn kan. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ pákó nínú ilé. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, Làbákẹ́ nìkan lọmọ. Òun ló ń se oúnjẹ, òun ló ń pọn omi ìwẹ̀, òun ló ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù bàbá rẹ̀ láràárọ̀ kó tó lọ kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní ìṣirò. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Ọkùnrin méjì ti wá, wọ́n ti dúró, ó ti sú wọn, wọ́n ti lọ.

Nígbà tó délé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá rẹ̀. "Bàbá, ọlọ́dà Ìpọ̀nrí ní kí n wá bi yín bí wọ́n ṣe ń tún kọ́bọ́ọ̀dù kùn."

Bàbá Joshua ò wo ojú rẹ̀. "Nígbà tí o ń bà á jẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ṣebí mo wà ní pálọ̀ yìí?"

"Ẹ wà níbẹ̀, sà."

"Mò ń gbóòórùn ọ̀dà. Mo ní bóyá o máa bi mí." Ó fa ọ̀pá rẹ̀ mọ́ra. "Gbé àga mi lọ sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì."

Ibẹ̀ ló jókòó sí, bí ọba. Ó ní kí wọ́n tú gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀, nítorí òpè ló ń kun ilẹ̀kùn tó ṣì ń fì lára ilé. Ó ní kí Làbákẹ́ fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sí ibi tí àgbékọ́ tó so ilẹ̀kùn mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù máa bò mọ́lẹ̀, ìkíní dé ìkọkànlá. "Ilẹ̀kùn dà bí eyín," ló wí. "Olúkúlùkù ló níhò tiẹ̀." Ṣùgbọ́n àwọn sukúrù ti dípẹtà. Làbákẹ́ yí i títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi wú. Ló bá pe nọ́ńbà tó wà lára ọ̀rá ṣọ́ọ̀bù, pé kí wọ́n fi sáńpépà ránṣẹ́, kí wọ́n sì bá òun béèrè ohun tí wọ́n ń fi tú sukúrù tó ti dípẹtà.

Ọlọ́dà fúnra ẹ̀ ló wá, ní ọ̀sán Sọ́ńdè tí ṣọ́ọ̀bù ò ṣí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá.

"Kí lorúkọ ẹ?"

"Najeem, sà. Ọmọ Mushin ni mí."

"O mọ ilẹ̀kùn ha?"

Najeem wo ilẹ̀. "Mo mọ ọ̀dà tà, sà. Mi ò ha ilẹ̀kùn rí."

Bàbá Joshua wo ojú ọmọ rẹ̀, ó tún wo ọlọ́dà. "O ń ta ọ̀dà, o ò kun igi rí. Ó dà bí ẹni tó ń ta Bíbélì tí kò mọ̀wé. Mú sáńpépà kan níbẹ̀."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láyé àtijọ́, oko àna ni ọkùnrin ń lọ ro kó tó rí ìyàwó gbé. Najeem ò mọ̀ pé oko lòun wọ̀, àwọn méjì tó kù náà ò sì tíì mọ̀. Gbogbo Sọ́ńdè, bí bàbá bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tó sì ti jẹun, Najeem á kan ilẹ̀kùn. Wọ́n da kẹrosíìnì sára àwọn sukúrù, wọ́n tú wọn, wọ́n fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ epo kúrò, wọ́n ha ọ̀dà bíbó dànù, wọ́n fi pọ́tì dí gbogbo ihò. Lẹ́yìn náà ni sáńpépà tó le, lẹ́yìn ìyẹn èyí tó rọ̀. Bí Najeem bá ti ní òun parí, bàbá á di ojú, á fi ìka ọwọ́ òsì tọ ojú igi náà láti orí dé ìsàlẹ̀.

"Ó ṣì ń ha mí lọ́wọ́ níbí. Tún un ha."

Najeem á tún un ha. Eruku á bo irùngbọ̀n rẹ̀ títí tó máa dà bí arúgbó. Làbákẹ́ á fún un lómi, á sì sáré padà sídìí ilẹ̀kùn tiẹ̀ kí ẹ̀rín má bàa pa á.

"Ṣé wọ́n máa ń rí báyìí nílé?" Najeem ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ọdún méjì rèé, wọn ò sọ̀rọ̀ tó báyìí rí," ni Làbákẹ́ fèsì. Bó ṣe sọ ọ́ tán ni omi lé sí i lójú. Najeem rí i. Ó gba sáńpépà ọwọ́ rẹ̀, ó bá a ha apá ibi tó ṣòro.

Wọ́n pa "ẹ" tì, wọ́n ń fi "o" bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìmọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Làbákẹ́ wá ń ka ọjọ́. Mọ́ńdè kì í ṣe nǹkan kan mọ́ ju pé ó ku ọjọ́ mẹ́fà. Ó ń bá ara rẹ̀ wí: tíṣà ńlá bíi tìẹ, o ń retí ọlọ́dà. Ìgbà tó bá lọ tán ńkọ́, bíi ti àwọn méjì yẹn?

Oṣù keje dé pẹ̀lú òjò rẹ̀. Wọ́n ti kun ọ̀dà àkọ́kun, wọ́n ti kun ti ìkejì lé e, àwọn ilẹ̀kùn sì wà lórí búlọ́ọ̀kù ní pálọ̀, wọn ò gbẹ. Bàbá ti sùn lọ lórí àga. Najeem rọra fi ìka kan etí ilẹ̀kùn kan.

"Ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa kun èyí tó kẹ́yìn, bó bá gbẹ."

"Bó bá gbẹ tán, tá a kùn ún tán ńkọ́?" ni Làbákẹ́ bi í. "O ò ní wá mọ́ nìyẹn?"

Ó yà á lẹ́nu pé òun lòun sọ ọ́. Najeem gbójú sókè. Òjò ń lu páànù bí ẹni tó ń bínú.

"Làbákẹ́, láti ọjọ́ tí o ti da èèpo ọ̀dà sí mi lórí káńtà ni mo ti ń wá ohun tí màá fi tún rí ẹ. Ká ní o ò pè mí nípa sukúrù, ǹ bá wá fúnra mi, màá ní mo fẹ́ wá wo ọ̀dà. Mo fẹ́ fẹ́ ẹ. Mo mọ̀ pé bàbá wà. Mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì lò ń lọ. Mo ti rò ó."

"O ti rò ó tán?"

"Mi ò rò ó tán. Mo ti rò ó débi tí mo fi mọ̀ pé màá máa bá a rò lọ."

Ohun tó dùn mọ́ Làbákẹ́ jù lọ nìyẹn, pé kò purọ́. Ó fi ọwọ́ tó kún fún ọ̀dà bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Najeem dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bàbá, ó sọ tẹnu ẹ̀. Bàbá Joshua gbọ́ ọ tán.

"Orúkọ ẹ ni Najeem."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Èmi ni Joshua."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọ̀rọ̀ tán. Ẹ fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀. Mi ò ṣe mọ́."

Najeem bẹ̀bẹ̀, bàbá yíjú sí ògiri. Ó lọ. Wọ́n fi àwọn ilẹ̀kùn ti ògiri pálọ̀, kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìnì sì la ẹnu sílẹ̀, ìkòkò àti agolo ń wo èèyàn láti inú rẹ̀. Bàbá ò lọ sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì mọ́. Ó padà sídìí rédíò, ó padà sí bẹ́ẹ̀-ni àti bẹ́ẹ̀-kọ́.

Lọ́jọ́ Túsìdeè kan, obìnrin kan wá pẹ̀lú ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́. Aṣọ tó wọ̀ bá a mu débi pé Làbákẹ́ ti mọ̀ pé télọ̀ ni kó tó sọ ọ́.

"Èmi ni Ummulkhair, ẹ̀gbọ́n Najeem. Ìyá wa rán mi wá wò ẹ́ bóyá o burú. Najeem náà rán mi wá bẹ bàbá ẹ. Mi ò tíì mọ ti ta ni kí n jẹ́ nínú méjèèjì."

Làbákẹ́ fi í jókòó. Bàbá wà lórí ibùsùn, kò jáde. "Àǹtí, kí ni Alhaja, ìyá yín, sọ?"

"Ṣé kí n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́? Wọ́n ní o ju ọmọ àwọn lọ."

"Ọdún kan péré ni."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọdún kan, ọdún ni. Wọ́n ní onígbàgbọ́ ni ẹ́. Wọ́n ní ọmọ tí kò fọ abọ́ rí nílé àwọn ló wá ń ha ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn." Ummulkhair wo àwọn ilẹ̀kùn tó wà lára ògiri. "Ohun tí mo wá rí lójú ẹ, màá sọ fún wọn. Má fòyà. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó pẹ́ jù. Ọkùnrin yẹn ò jẹun mọ́."

Ṣé kó máà fòyà? Nígbà tí Ummulkhair lọ tán, Làbákẹ́ dúró sáàárín kíṣìnì tí kò nílẹ̀kùn, ó ń bá ara rẹ̀ jà. Bí òun bá lọ, ta ni yóò pọn omi? Bí òun ò bá lọ, ọdún mélòó ló kù tí ẹnì kan yóò tún bá òun ha apá ibi tó ṣòro? Ó pe Najeem.

"Má dúró dè mí mọ́," ló wí.

"Mi ò dúró dè ẹ́," ni Najeem fèsì. "Ibi tí mo wà náà ni mo wà. Bí o bá fẹ́ mi, o mọ̀ ọ́n."

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni Alhaja Saidat fúnra rẹ̀ wá, láìránṣẹ́. Obìnrin gíga ni, ìborùn funfun lórí, bàtà rẹ̀ rin fún omi òjò. Ó kí Bàbá Joshua pẹ̀lú ìkúnlẹ̀, bàbá náà kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Làbákẹ́ kúnlẹ̀, ó sì sá wọ kíṣìnì láti lọ se tíì.

Kò sí ilẹ̀kùn tó lè dí ọ̀rọ̀. Ó gbọ́ ohun gbogbo.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ta ọ̀dà kí n tó fa ṣọ́ọ̀bù lé ọmọ mi lọ́wọ́," ni Alhaja wí. Ohùn rẹ̀ ń bọ̀ láti ibi ògiri. Ó dájú pé àwọn ilẹ̀kùn ló ń wò. "Ta ló ṣe èyí?"

"Ọmọ yín ni."

"Najeem? Najeem tí kì í tẹ́ ibùsùn ẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ní kó tún ọ̀kan tí ẹ dì mú yẹn ha."

"Kò bínú?"

"Ó bínú. Ó ń kùn lábẹ́lẹ̀ bí oyin. Ṣùgbọ́n ó tún un ha."

Alhaja wá jókòó. "Bàbá, ọmọ mi ti ń fún àwọn oníbàárà ní àwọ̀ tí wọn ò béèrè. Mo ní kí n wá fojú ara mi rí ibi tí orí ẹ̀ wà."

"Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn lẹ bá wá."

"Ẹ̀sìn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó àbúrò mi, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ, ó lé lógún ọdún, ilé wa ló ṣì wà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù yàtọ̀. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni mo bí. Wọ́n ní bó bá fẹ́ ọmọ yín, ọ̀dọ̀ yín ló máa wá gbé, pé ọmọ yín ò lè fi yín sílẹ̀. Ẹ ó wá gba ọmọ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn."

Omi tíì ti ń hó. Làbákẹ́ ò pa iná.

Nígbà tí Bàbá Joshua máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Alhaja, ẹ̀sìn kọ́ lèmi náà ń rò. Òun ló kàn yá mi lẹ́nu láti sọ. Ọwọ́ yìí ò lè de bọ́tìnnì. Mo jí lọ́jọ́ kan, mo rí bí ọmọ yín ṣe ń wo ọmọ mi, inú mi dùn, inú mi dùn gan-an ni. Lẹ́yìn náà ni mo rò ó pé, láràárọ̀, ta ni yóò bá mi de bọ́tìnnì?"

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Làbákẹ́. Ó jáde sí pálọ̀. "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́? Kí n ní kí ọmọ mi má lọ́kọ nítorí bọ́tìnnì?"

Làbákẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí lé eékún bàbá rẹ̀, ó sunkún. Bàbá fi ọwọ́ òsì gbá a lẹ́yìn. Alhaja jẹ́ kó sunkún tán, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

"Ó dáa," ló wí. "Ẹ̀rù kan náà ló ń ba àgbà méjì, a wá ń fi àwọn ọmọ ṣe asà. Làbákẹ́, dìde, kí n rí ojú ẹ. Ẹ lọ gba ilé sí Àgùdà ńbí, kì í ṣe inú ilé yìí, kì í sì í ṣe Mushin. Kí ọkọ ẹ máa wá jẹun lọ́dọ̀ mi ní Jímọ̀, kí ìwọ máa yà sọ́dọ̀ bàbá ẹ láàárọ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní fi tipátipá yí ẹ̀sìn ẹ padà, mo fẹnu mi sọ ọ́."

"Ọwọ́ òsì mi náà lè kọ́ bọ́tìnnì," ni Bàbá Joshua wí, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bú u. "Mi ò tíì gbìyànjú ni."

"Ẹ gbìyànjú, Bàbá. Ẹ gbọ́, ṣé funfun yìí náà lẹ fẹ́ fi kẹ́yìn ẹ̀? Èéfín máa sọ ọ́ di pupa kí ọdún tó yí po."

Bàbá Joshua ta jìgì lórí àga. "Mo sọ fún wọn! Wọn ò gbọ́! Mo ní kí wọ́n fi àwọ̀ ewé sí i díẹ̀!"

Àgbà méjèèjì wá dojú kọ Làbákẹ́ nípa ọ̀rọ̀ àwọ̀, ó sì mọ̀ nígbà yẹn pé òun ti rí ọkọ.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ni Najeem padà wá pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù ọ̀dà àwọ̀ ewé fífẹ́lẹ́. Ó kun ilẹ̀kùn mọ́kọ̀ọ̀kànlá lábẹ́ ojú bàbá, Làbákẹ́ ń dì wọ́n mú, òòrùn sì bá wọn mú un gbẹ. Nígbà tí wọ́n gbé wọn padà sáyè wọn, kò sí èyí tó kọ̀ láti pa dé. Oṣù kan lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nínú pálọ̀ náà. Ummulkhair ló ṣe alága, ó sì pariwo ju gbogbo wọn lọ. Nínú oṣù kọkànlá, wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní kọ́ọ̀tù. Pásítọ̀ gbàdúrà, ààfáà náà gbàdúrà, Bàbá Joshua sì ṣe àmín àwọn méjèèjì. Yàrá méjì ni tọkọtaya gbà, òpópónà kejì sí ti bàbá.

Láàárọ̀ gbogbo, Làbákẹ́ ń yà lọ de bọ́tìnnì. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tó bá a pé bàbá ti fọwọ́ òsì de gbogbo rẹ̀ tán, ọ̀kan wọ ihò tí kì í ṣe tiẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti dè é. Ìyá ìjọ kan tó wá síbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ti rí kíṣìnì, ó béèrè ta ló ṣe é. "Èmi àti àna mi," ni bàbá fèsì. Obìnrin náà ní kí wọ́n wá ṣe tòun. Najeem bá a wá akunlé méjì nínú àwọn oníbàárà rẹ̀, bàbá sì lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì obìnrin náà pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Láti ibẹ̀, ẹnì kan tún pè é.

Ní Sátidé kan nínú oṣù kìíní, Làbákẹ́ gbé mọ́ínmọ́ín gbígbóná lọ fún bàbá rẹ̀ lọ́sàn-án. Àgádágodo ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rù bà á, ó pè é lórí fóònù.

"Bàbá, níbo lẹ wà?"

"Mushin. Ummulkhair ló wá gbé mi. Kíṣìnì Alhaja là ń ṣe."

"Ẹ ò sọ fún mi! Mo gbé mọ́ínmọ́ín wá fún yín o."

"Alhaja ti fún mi lóúnjẹ. Làbákẹ́, ṣé nǹkan mìíràn wà? Àwọn èèyàn yìí ń dúró dè mí."

Kó tó dáhùn, bàbá ti pa fóònù. Làbákẹ́ wo àgádágodo, ó wo abọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó tú ewé mọ́ínmọ́ín kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, ẹ̀rín sì ń gbọ̀n ọ́n ní èjìká títí ó fi jẹ ẹ́ tán.